Ìbọ̀wọ́ Alátàǹpàkò Méjì

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta ìwé ní Ísafjörður, ìlú etí òkun kan ní Iceland, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ: ojú ló ń kọ́kọ́ ra ìwé, kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti inú yìnyín wọlé, awò ojú rẹ̀ á ti ṣú kùrukùru, imú rẹ̀ á máa ṣomi, ìyàwó rẹ̀ á sì máa pè é lórí fóònù pé kó tètè máa bọ̀ nílé. Ìwé tó bá fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé òun, àfi kó pè é láti orí tábìlì bí ìyá ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ láàárín èrò.

Mo sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé ńṣe ni mo kàn tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Wọ́n ní èmi Lína ni alárinà. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Dagný, ẹ̀gbọ́n mi sì ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Bí mi ò bá bá a wá ọkọ, ta ni kó bá a wá a? Ṣé Kolbeinn bàbá rẹ̀ ni, ọ̀gá ọkọ̀ ẹja tó ti fẹ̀yìn tì, tí ológbò ilé rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ?

Oṣù kejì ọdún ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Tíṣà tuntun ni ní ilé ẹ̀kọ́ wa, Eyvindur lorúkọ rẹ̀, ó ga, ó fara balẹ̀, ó fi ọ̀rá di ìwé kan mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

"Ẹ káàsán mà. Mo kọ ìwé kan. Mo fẹ́ fi owó ara mi tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ máa bá mi gbé e sórí tábìlì lásìkò Kérésì?"

Kò yà mí lẹ́nu. Bí èèyàn bá ju òkúta lójú pópó nílẹ̀ wa yìí, orí òǹkọ̀wé ni yóò bà. Ìwé là ń fún ara wa ní alẹ́ àìsùn Kérésì, a ó jẹun, a ó tú ẹ̀bùn, oníkálukú á sì gbé tirẹ̀ lọ sórí ibùsùn. Mo ní kó mú un wá kí n wò ó.

Ẹ gbà mí! Òkè wà lára èèpo ìwé náà, òṣùmàrè wà lórí òkè, àgùntàn mẹ́ta wà lábẹ́ òṣùmàrè, ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá lọ, fọ́tò ìyá àgbà kan wà ní igun, àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi náà ni mà."

"Ṣé ìjà wà láàárín ìwọ àti ìwé yìí ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Kò bínú, kò fajú ro, ó kàn rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ń retí kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Mo wò ó, mo ní nínú ara mi pé ọkùnrin tí wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí inú rẹ̀ ò ní ru, irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, Dagný sì wà nílé.

Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì, mo ní kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kà á fún mi láti ibẹ̀."

Ó fojú kékeré wò ó. "Mi ò rí nǹkan kan kà."

"O rí i? Ní oṣù kọkànlá, ìwé àkójọ máa dé gbogbo ilé, gbogbo ìwé ọdún yìí ló máa wà níbẹ̀, èèpo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò sì ní tóbi ju èèkánná àtàǹpàkò lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ti máa yàn. Àgùntàn rẹ wọ̀nyí máa dà bí iná orí."

Mo kọ nọ́ńbà Dagný fún un, mo ní òun ló máa bá a tún èèpo ìwé náà yà. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mo sì jẹ́wọ́ ẹ̀: mi ò bi í pé ọmọ ta ni. Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ orúkọ ìdílé, orúkọ bàbá ẹni là ń jẹ́, orúkọ yẹn kì í sì í sọ ilé tí baba ńlá ẹni ti wá. Nítorí náà, bí àlejò bá dé, àgbàlagbà á bi í pé, "Àwọn ta lo ti wá?" Ìyá mi ò lè da kọfí sí ife àlejò láìbi í. Èmi gbàgbé, torí ẹ̀rín.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Dagný nígbà náà. Ó ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Reykjavík, olú ìlú wa, àmọ́ nígbà tí ọkàn bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ó padà wálé, ó ń gbé yàrá òkè nílé bàbá rẹ̀, ó ń ya àwòrán sára páálí ẹja àti bébà tí wọ́n ń lẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin bá fẹ́ kọrin. Ọkùnrin kan ti fi í sílẹ̀ rí lọ sí Denmark. Látìgbà yẹn, bí mo bá dárúkọ ọkùnrin, á ní, "Àǹtí Lína, ẹ jẹ́ á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́."

Ó sọ fún mi bí ìpàdé àkọ́kọ́ ṣe lọ. Ó bi Eyvindur pé, "Ohun kan ṣoṣo wo ló wà nínú ìwé ẹ?" Eyvindur ka nǹkan méje sílẹ̀, látorí àwọn abà tó di ahoro ní àríwá dé orí bí wọ́n ṣe ń sá ẹja. Dagný ní, "Kan ṣoṣo ni mo wí." Ọkùnrin náà ń po kọfí rẹ̀ títí ó fi tutù. Ó wá ní, "Ìyá àgbà mi dúró létí omi, ó ń retí ọkọ̀ kan."

"Òun ni ká yà," ni Dagný wí. "Èèpo ìwé kì í sọ ìtàn. Ó ń kanlẹ̀kùn ni. Ìwé fúnra ẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣí i."

Ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ ni Eyvindur ń lọ. Dagný yọ òṣùmàrè. Ó yọ àgùntàn, Eyvindur sì bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan, wọn ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó yọ fọ́tò ìyá àgbà, ó ní ojú èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ kì í pe ẹnikẹ́ni. Ó ku ọkọ̀ dúdú kékeré kan lórí omi aláwọ̀ eérú, àti àkọlé ìwé lókè pẹ̀lú lẹ́tà tó nípọn: ỌKỌ̀ TÍ KÒ YÍPADÀ.

"Ṣé àyè yẹn ò ti pọ̀ jù?" ni Eyvindur bi í. "Omi lásán ni gbogbo ẹ̀."

"Àyè ló ń jẹ́ kí ojú rí ọkọ̀. Ẹ̀yin tíṣà lẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

"Mo dákẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ìṣẹ́jú méjì. Mo kà á."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bára wọn ṣàwàdà, ó sì dùn mọ́ mi nínú bí mo bá gbọ́. Bí Dagný bá parí àwòrán kan, á tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n èèkánná, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì nílé ìdáná. Ó ní ohun tí èèyàn bá ṣì rí nígbà tó ń wá wàrà láàárọ̀ kùtù, tí oorun ṣì ń kùn ún, òun ló dáa. Ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì rò pé ewu kankan wà nínú fìríìjì.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣí ìwé pa ìwé dé.

"Àǹtí Lína, èèpo ìwé yẹn ti parí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Kí ló dé tó ò gbé e fún un?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Tí mo bá gbé e fún un, kí ló máa tún wá ṣe lọ́jọ́bọ̀?"

Mo fọwọ́ bo ẹnu kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi, ọkùnrin yẹn náà mọ̀ pé ó ti parí. Ṣé ó wá jọ ẹni tó fọ́jú lójú ẹ ni?"

Lóòótọ́, ó mọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ló sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé òun fẹ́ fi í ṣaya, pé bí ìwé náà ò bá tà rárá, òun ti rí èrè òun. Dagný ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bá bàbá òun sọ ọ́ nígbà tó bá ti ibi ẹja dé. Ó fẹ́ kí bàbá òun gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ọmọ dáadáa ni.

Ọkọ̀ kékeré ni Kolbeinn fi ń lọ pẹja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti má jẹ́ kí ọwọ́ dilẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí fìríìjì, ó sì tì í padà láìmú nǹkan kan. Ó rọra tẹ̀, ó sún mọ́ bébà kékeré náà. Kò sí ẹlòmíì tó lè mọ̀ ọ́n ní ìwọ̀n yẹn, ṣùgbọ́n àgbà atukọ̀ ni Kolbeinn: iwájú ọkọ̀ tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, àti ilé atukọ̀ kékeré tó fì sí ẹ̀yìn. Inú fọ́tò àtijọ́ kan tí Eyvindur mú wá ni Dagný ti rí i.

"Ta ló ni èyí?" ni Kolbeinn bi í.

"Iṣẹ́ mi ni, Bàbá. Èèpo ìwé Eyvindur ni. Mo tiẹ̀ fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀."

"Ọkọ̀ bàbá mi nìyí. Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan ilé atukọ̀ yẹn." Ó ka àkọlé ìwé náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Ọmọ ta ni ọkùnrin yìí?"

"Bàbá rẹ̀ ni..."

"Mi ò bi ọ́ ní bàbá rẹ̀. Àwọn ta ló ti wá?"

"Ọmọ ọmọ Herdís ni, ìyá àgbà tí wọ́n gbé dé láti gúúsù sí ilé àwọn arúgbó. Tìtorí rẹ̀ ló ṣe wá ṣiṣẹ́ níbí."

Kolbeinn já bébà náà kúrò lára fìríìjì. Ó ní, "Kò gbọdọ̀ wọ ilé yìí mọ́." Ó sì bọ́ síta tòun ti bàtà òjò lẹ́sẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí, ọ̀rọ̀ tí Kolbeinn ò sọ fún ọmọ rẹ̀ rí. Ní ọdún 1953, ní etíkun àríwá tí kò sí ẹnì kankan mọ́ lónìí, Hjálmar, bàbá Kolbeinn, ni ọ̀gá ọkọ̀ yẹn. Ketill, ọkọ Herdís, wà lára àwọn mẹ́ta tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ìjì dé bá wọn, Ketill ṣubú sómi, ọkọ̀ sì padà láìsí i. Herdís, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, dúró létí omi, ó ka orí, ó rí i pé ọ̀kan ò sí. Àwọn ará abà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ẹ̀rù ba Hjálmar, pé kò yí ọkọ̀ padà. Hjálmar ò fèsì. Kò sì wọ ọkọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Nígbà tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ò sọ nǹkan kan, kí lẹ fẹ́ kí aráyé gbà?

Dagný lọ bá Eyvindur. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọkọ̀, kó yí àkọlé padà.

"Òótọ́ ni mo kọ," ni Eyvindur wí. "Láti kékeré ni ìyá àgbà ti ń sọ ọ́ fún mi."

"Ṣé o wà nínú ọkọ̀?"

"Bàbá ẹ ńkọ́, ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Mi ò sọ pé irọ́ ni. Mo sọ pé bàbá mi ni."

"Ìyá àgbà tèmi náà ńkọ́, Dagný? Ṣé àjèjì ni?"

Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe nínú àwọn méjèèjì, òun ló jẹ́ kó le. Dagný dá ìwé rẹ̀ padà fún un, ó sì sunkún lọ sílé.

Oṣù kẹfà ré kọjá, ìkeje tẹ̀ lé e. Bàbá àti ọmọ ń jẹun lórí tábìlì kan náà, ẹja gbígbẹ àti bọ́tà, láìsí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ náà rù. Ó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tí mo bá fẹ́ ẹ, mo ti sọ fún gbogbo ìlú pé bàbá-bàbá mi pààyàn. Ọkàn Bàbá ò ní gbà á. Tí mi ò bá fẹ́ ẹ, Àǹtí Lína, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ máa jẹ́." Mo kàn dì í mú.

Ní oṣù kẹjọ, mo gba ọ̀dọ̀ Kolbeinn lọ ní èbúté. Ó ń to okùn ẹja.

"Kolbeinn, ṣé o fẹ́ kí ọmọ yìí darúgbó sínú ilé ẹ ni, kó máa bá ẹ wá ìbọ̀sẹ̀ kiri?"

"Ìwé lò ń tà, Lína. Máa lọ tà á."

"Ìwé náà ni mo bá wá. Tí irọ́ bá wà nínú ẹ̀, sọ òótọ́ fún ọmọkùnrin náà, á yọ ọ́, kì í ṣe olórí kunkun. Tí kò bá sí irọ́ níbẹ̀, gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún, kí ọmọ ẹ lọ sílé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò bí i kó wá fi orí ru ẹrù òkú."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. "Àwọn òótọ́ kan wà tó burú ju irọ́ lọ, Lína."

Mo bínú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa, torí Kolbeinn kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò.

Àwọn òǹtẹ̀wé fẹ́ gba gbogbo iṣẹ́ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án, kí ìwé lè bá àsìkò. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, Eyvindur wọlé pẹ̀lú ojú ẹni tí kò jẹun. Ó gbé èèpo ìwé kan sórí káńtà. Òṣùmàrè ti padà dé, àti àwọn àgùntàn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Mi ò lè lo ti Dagný," ló wí. "Mi ò sì lè ní kí ẹlòmíì yà á."

Bí mo ṣe fẹ́ fún un lésì ni ilẹ̀kùn ṣí. Kolbeinn ni, tí kò wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó rẹ̀. Agolo bisikíìtì àtijọ́ kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Dagný wà lẹ́yìn rẹ̀, kò wo Eyvindur.

"Lína, ti ilẹ̀kùn yẹn."

Mo tì í. Ó ṣí agolo náà, ó yọ nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ wé, ó tẹ́ ẹ sórí àwọn àgùntàn. Ìbọ̀wọ́ apẹja ni, onírun àgùntàn, irú èyí tí àwọn ìyá wa máa ń hun nígbà náà, tí kò níka, àmọ́ tó ní àtàǹpàkò méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Okùn ìpẹja a máa jẹ àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ tán. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbó, wọ́n á yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àtàǹpàkò á sì ti wà níbẹ̀. Ẹyọ kan ni. Funfun ni, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dúdú.

Eyvindur sún mọ́ ọn. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ nínú àpò, ó wá ojú ewé tó kọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ sí, ó kà á sókè: "'Irun funfun tán lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn, mo fi dúdú parí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ketill ní kò burú, ó ní ẹja kì í wo ẹwà.'" Ó gbójú sókè. "Níbo lẹ ti rí i, bàbá?"

"Bàbá mi yí ọkọ̀ yẹn padà," ni Kolbeinn wí. Ohùn rẹ̀ le bí ẹni tó ń gbé nǹkan wúwo. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí i po nínú ìjì yẹn. Àwọn méjì tó kù ń gbọ́n omi nísàlẹ̀ ọkọ̀, wọn ò mọ ibi tí ọkọ̀ kọjú sí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó rí Ketill, ó nà kọjá etí ọkọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dì í mú. Omi wá gbé ọkọ̀ sókè, ìbọ̀wọ́ ló kù sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ tó fẹ́ kú ló fún mi, ló sọ fún mi."

"Kí ló dé tí kò sọ ọ́ látijọ́? Wọ́n pè é lójo fún gbogbo ayé ẹ̀!" ni mo wí.

"Kí ló fẹ́ sọ? Pé, 'Mo dì í mú, ó bọ́'? Lójú tiẹ̀, òun ló jẹ́ kó bọ́. Ó sàn fún un kí wọ́n máa sọ pé kò yípadà ju kí obìnrin yẹn mọ̀ pé ọkọ ẹ̀ ti dé ọwọ́ òun." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ó ní kí n má sọ. Mo sì ti pa á mọ́ títí. Àmọ́ ọmọbìnrin yìí ò jẹun mọ́ nílé mi."

Dagný fi orí lé èjìká bàbá rẹ̀. Eyvindur mú páálí àgùntàn rẹ̀, ó fà á ya sí méjì, ó ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo máa tún orí ìwé yẹn kọ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó, kí ẹ sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀." Ó wá yíjú sí Dagný. "Ìwọ náà, tó o bá ṣì fẹ́. Mi ò ní èèpo ìwé."

"Ó wà níwájú ẹ," ni Dagný wí.

Ọ̀sán kan ṣoṣo ló fi ṣe é. Ìbọ̀wọ́ funfun kan tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dúdú, lórí aró bí omi alẹ́, ó dúró ṣánṣán, àtàǹpàkò méjèèjì yọ síta. Àkọlé tuntun wà lókè: ÌBỌ̀WỌ́ KETILL. Orúkọ Eyvindur wà nísàlẹ̀, kò tóbi. Kò sí nǹkan mìíràn. Mo gbé e sórí tábìlì, mo ní kí Kolbeinn lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Awò ojú rẹ̀ ti ṣú.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i," ló wí. Ó tún wí pé, "Bàbá mi náà á rí i."

Lọ́jọ́ yẹn ló ní Eyvindur lè máa wá sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kọ́, ó ní òun ò lè fọwọ́ sí i títí Herdís á fi gbọ́. "Mi ò ní jókòó síbi ìgbéyàwó," ló wí, "kí obìnrin yẹn máa wò mí bí ọmọ ẹni tó pa ọkọ ẹ̀." Eyvindur ní òun máa sọ fún un. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ara ìyá àgbà ò yá. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń dúró de Kérésì. Ẹ dárí jì mí, ojo ni gbogbo ọkùnrin inú ìtàn yìí tó bá kan ọ̀rọ̀ sísọ.

Ní àárín oṣù kọkànlá, fóònù ṣọ́ọ̀bù dún.

"Ṣé Lína nìyẹn? Èmi Herdís ni, nílé àwọn arúgbó. Ìwé àkójọ dé láàárọ̀ yìí. Ìbọ̀wọ́ mi wà nínú ẹ̀."

A ti gbàgbé. Gbogbo ilé ni ìwé àkójọ ń dé, ilé àwọn arúgbó náà sì ni.

"Mà, ẹ... ṣé ẹ ti ka àkọlé ẹ̀?"

"Àkọlé wo? Ojú mi ò rí lẹ́tà mọ́. Mi ò mọ ẹni tó ni ìwé náà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo mọ̀. Mo fi dúdú parí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀? Sọ fún un kó gbé e wá fún mi lónìí. Kì í ṣe lọ́la."

Mo pe Dagný, Dagný pe Eyvindur, àwa mẹ́ta la sì lọ yọ Kolbeinn nínú ilé. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ó wọ kóòtù ìsìnkú rẹ̀, ó ní òun ò ní òmíràn tó dáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ yà padà lójú ọ̀nà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní, "Bàbá ẹ yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìjì. Ìwọ, ọ̀dà títì lásán lò ń rìn lórí ẹ̀." Ó wò mí bí ẹni fẹ́ gbá mi, ó sì ń lọ.

Herdís jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó kéré, ó mọ́ tónítóní, ìwé àkójọ wà lórí itan rẹ̀. Eyvindur ṣí ẹnu, ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Ìwọ dákẹ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ wà níbẹ̀. Ta ni ọkùnrin yìí?"

"Kolbeinn ni, mà," ni Kolbeinn wí. "Ọmọ Hjálmar."

Kolbeinn kò dúró kí wọ́n bi í. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó gbé ìbọ̀wọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n yí ọkọ̀, ọwọ́ tí wọ́n dì mú, omi tó gbé wọn sókè. Ó ní, "Ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Herdís ń fi ìka wá ojú ìhunṣọ náà, ìlà dé ìlà. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ó dì í mú?"

"Ó dì í mú, mà."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta," ni Herdís wí, "ni mo fi ń rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Pé kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn nìyẹn, kì í ṣe ikú." Ó di ọwọ́ Kolbeinn mú, ó fún un pinpin. "Kí ló dé tí bàbá ẹ ò wá sọ fún mi? Ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Kolbeinn sunkún bí ọmọdé. Kò sí ẹni tó sọ pé kó dákẹ́.

Nígbà tó pẹ́, Herdís ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ inú ìbọ̀wọ́ náà. Ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò níbi tí okùn ti jẹ ẹ́. Ó bọ́ ọ, ó yí i padà, ó tún ọwọ́ bọ̀ ọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wọ inú èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò rí.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ kejì yìí ò tíì gbó rárá."

Ó na ọwọ́ oníbọ̀wọ́ náà sí Dagný, ó fà á mọ́ra, ó wá yíjú sí Kolbeinn.

"Ìgbà wo ni ìgbéyàwó? Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, mi ò tún fẹ́ dúró létí omi fún ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ìgbà tí ẹ bá ní, mà," ni Kolbeinn wí.